Wọ́n Ń Pè Mí Ní Ìyá Lìmítẹ́ẹ̀dì

Bí ẹ bá ń gba Takie kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ gbọ́ tí àwọn obìnrin tó ń ta ìwé àti bírò ń sọ fún ara wọn pé, "Ìyá Lìmítẹ́ẹ̀dì ló ń bọ̀ yẹn," èmi ni wọ́n ń bá wí. Ẹ má wulẹ̀ wá ọmọ náà kiri. Kò sí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Lìmítẹ́ẹ̀dì. N kò tilẹ̀ bímọ rárá, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi ń dùn mí wọ egungun. Obìnrin tí kò gbọ́ ẹkún ìkókó nínú yàrá rẹ̀ rí, tí ayé wá fi ọmọ tí kò sí pè é ní ìyá, ṣé ẹ̀sín kékeré nìyẹn? Síbẹ̀ n kò lè bínú sí wọn tán, nítorí ẹnu ara mi ni mo fi pe orúkọ náà níwájú adájọ́, tí gbogbo ènìyàn fi gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú. Ní báyìí tí mo ń kọ èyí, ìwé kan wà lórí itan mi tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ní àná, n kò sì mọ bí mo ṣe máa dáhùn rẹ̀. Kí n tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè bá mi wò ó bóyá ẹ̀yin yóò rí ohun tí ojú tèmi kò rí.

Tíṣà ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, nítorí náà bí ẹ bá rí i tí mo ń ṣàlàyé bí ẹni tó dúró níwájú pátákó, ẹ fara dà á fún mi, iṣẹ́ ló ti mọ́ mi lára. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní iṣẹ́ tíṣà ni mo ti pàdé Sáádátù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mùsùlùmí paraku. Èmi jẹ́ aládùúrà, aláṣọ funfun. Bí òun bá ń gba ààwẹ̀ tirẹ̀, èmi a máa yọ́ jẹun lẹ́yìn ilé kí òórùn ọbẹ̀ má baà kàn án nímú. Bí ó bá di ìgbà tèmi, òun náà a ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, òun nìkan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n mú orúkọ wá. Àwọn alfa sọ ọmọ náà ní Múníráátù. Èmi sọ ọ́ ní Ìfẹ́wùmí. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan la ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ rántí orúkọ náà kó tó kú. Ọmọ náà sì ń pè mí ní Ìyá Ọ̀yọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayé Sáàpù, nígbà tí ìjọba já owó náírà wálẹ̀, ẹ mọ̀ pé gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá ló di ọ̀wọ́n gógó. Ṣọ́ọ̀kì náà kò gbẹ́yìn. Ó dé ìgbà kan tí ọ̀gá ilé-ìwé wa ń tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ bí ẹni ti wúrà mọ́lé, tí tíṣà mẹ́ta sì ń pín ṣọ́ọ̀kì kan. Mo ti fi èyí tí kò ju èékánná lọ kọ ìṣirò títí tí ìka mi fi ń ha pátákó. Àsìkò yẹn ni Sáádátù lọ sí ẹ̀kọ́ ìsinmi kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣọ́ọ̀kì hàn wọ́n. Ó wá bá mi ní Ọ̀yọ́, kò tíì jókòó tó ti ń sọ ọ́. Kì í ṣe ohun tó le. Ìyẹ̀fun funfun ni, irú èyí tí dókítà fi ń di egungun tó kán. Ẹ óò pò ó mọ́ omi kíákíá nítorí kì í pẹ́ dì, ẹ óò dà á sínú mọ́òdù onídẹ tí ẹ ti fi kẹrosíìnì àti òróró pa nínú, ẹ óò ha ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Bó bá dì tán, ẹ óò tú mọ́òdù, ẹ óò to ṣọ́ọ̀kì sórí pátákó nínú oòrùn. Ọyẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Sáádátù ní, "Tíṣà, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Tìrẹ kan, tèmi kan." Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ra ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn Takie, a kọ́ yàrá kan àti àgbàlá sí i. Èmi a máa lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé àti ní àkókò ìsinmi, òun ló wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí Ìfẹ́wùmí jáde ní girama, ó dara pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n pò ju tàwa méjèèjì lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín. A sọ ilé-iṣẹ́ náà lórúkọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ. Sáádátù ló dá a lábàá, ó ní ohun tí a kò bá sọ lórúkọ kì í gbọ́n, kì í dàgbà. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ jáde láìkán, a ka ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alfa Ràímì, ṣe àdúà tirẹ̀, wòlíì ìjọ wa láti Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀. Oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, obì wà níbẹ̀. Sáádátù ti orí ṣọ́ọ̀kì kan bọ oyin, ó fi kàn mí létè, ó ní kí n dárúkọ ọmọ. Mo ní, "Àjùmọ̀ṣe." Gbogbo wọn ní àmín. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ kò lè mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà. Mo sọkún. Wọ́n rò pé inú mi dùn ni, inú mi sì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Láti ọjọ́ yẹn lọ ni mo ti ń ka ara mi mọ́ àwọn tó ní ohun kan láyé.

Lẹ́yìn náà ni a fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí ìjọba, a kọ ọ́ pé Àjùmọ̀ṣe Ṣọ́ọ̀kì àti Kọ́ńpìnnì. Nígbà tó yá, ìwé dé láti Èkó. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, orúkọ Sáádátù wà níbẹ̀, orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀. A fi sínú fíríìmù, a gbé e kọ́ ara ògiri, gbogbo ẹni tó bá wọlé la ń fi hàn. A ní kọ́ńpìnnì ni wá. Ta ni yóò sọ pé a kì í ṣe kọ́ńpìnnì, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé? A wá gbé pátákó fún ọ̀dọ́kùnrin kan ní Takie pé kó bá wa kọ orúkọ sí i. Nígbà tí a lọ gbà á, a rí i tó ti fi ọ̀dà pupa kọ LTD sí ìparí rẹ̀. Sáádátù bi í pé kí nìyẹn. Ó ní, "Lìmítẹ́ẹ̀dì ni, màmá. Àyè ló ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún, ni mo fi dí i. Gbogbo kọ́ńpìnnì ńláńlá ló ń ní in." Ó ní òun kò gba nǹkan kan lé e. A rẹ́rìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé pátákó wa lọ. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwa, àyè tó ṣẹ́ kù lára pátákó la wò.

Ọdún bí mélòó kan ni a fi ṣe é, kò sí ìjà, kò sí asọ̀. Àìsàn Sáádátù ló dé láìròtẹ́lẹ̀. Inú ló kọ́kọ́ ń dùn ún, nígbà tó fi máa di pé a gbé e dé ọsibítù, ó ti rù débi pé òrùka ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìfẹ́wùmí lọ ra omi, Alfa Ràímì lọ kírun. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Tíṣà, má jẹ́ kí ó fọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kó má ṣèyọnu, kò ní fọ́. Ọjọ́ kẹta ló jáde láyé. Ẹ bá mi wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Kí ni "ó"? Ọmọ ilé-ìwé tó bá kọ irú rẹ̀ sínú àròkọ, màá fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i lábẹ́, màá bi í pé kí lo ń tọ́ka sí. Èmi kò bi Sáádátù. Mo rò pé ilé-iṣẹ́ wa ló ní lọ́kàn.

Ní ọjọ́ tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀, Alfa Ràímì pè mí jókòó. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín pé bàbá náà fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ohun tí mo sọ fún àwọn ará ìjọ mi lẹ́yìn náà pé ó jágbe mọ́ mi, irọ́ ni mo pa. Ó ní, "Ìyá Ọ̀yọ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tí àbúrò mi ní pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kí á wò ó, kí á yọ tirẹ̀, kí tiyín dúró fún yín. Òkú kì í ní nǹkan láyé mọ́; àwọn tó jogún rẹ̀ ló ni ín." Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo ní ilé-iṣẹ́ wa kì í ṣe ogún, kọ́ńpìnnì ni, kọ́ńpìnnì kì í sì í kú. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ? Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní girama ló sọ ọ́ létí mi nígbà kan tí a jọ ń dúró de ọkọ̀. Ó ní bí gbogbo àwọn tó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ bá kú tán lọ́jọ́ kan náà, kọ́ńpìnnì wà láàyè. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n irú kọ́ńpìnnì wo? Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá bèèrè kì í ṣìnà, n kò bèèrè. Mo kàn gbé gbólóhùn náà pamọ́ nítorí pé ó dùn létí. Kì í kú! Ta ni kò fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Alfa Ràímì wò mí, ó ní, "Kọ́ńpìnnì yìí, ọmọ ta ni?" Ọjọ́ kejì, kí n tó padà sí Ọ̀yọ́, mo ra agadagodo tuntun, mo fi ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má baà kó mọ́òdù lọ ni. Nígbà tí Ìfẹ́wùmí dé láti ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kò rí ọ̀nà wọlé. Ó ti ṣe ìgbéyàwó nígbà náà, oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn. Ó ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó ṣe sùúrù. Kò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn ẹbí rẹ̀ ra agadagodo tiwọn, wọ́n fi kún tèmi. Ilẹ̀kùn kan, agadagodo méjì. N kò lè wọlé láìsí wọn, wọn kò lè wọlé láìsí èmi. Àpò ìyẹ̀fun méjìlá wà nínú ilé náà. Òjò sì bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. N kò gba lọ́yà. Mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ìwé fún ènìyàn lábẹ́ igi níwájú kóòtù, mo ní kó bá mi kọ ọ́ pé kí àwọn ẹbí Sáádátù má fọwọ́ kan ilé-iṣẹ́. Ó bi mí pé ta ló ń pẹjọ́, èmi ni tàbí ilé-iṣẹ́. Mo ní ilé-iṣẹ́. Ó ní kí n pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lára pátákó, mo pè é, ó kọ ọ́, kò fi Lìmítẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ó ní ta ni àwọn olùjẹ́jọ́. Mo pe Alfa Ràímì. Mo pe ọmọ. Ó ní kí n pe orúkọ ọmọ náà pé, kóòtù kì í fẹ́ àbọ̀ orúkọ. Mo pè é pé.

Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, adájọ́ yẹ ìwé náà wò, ó bèèrè pé níbo ni olùpẹ̀jọ́ wà. Mo dìde, mo pe orúkọ náà ketekete, bí ọmọ tó mọ ìdáhùn: Àjùmọ̀ṣe Ṣọ́ọ̀kì àti Kọ́ńpìnnì Lìmítẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé ó jẹ́ Lìmítẹ́ẹ̀dì wá. Mo gbé fíríìmù wa kalẹ̀, mo ti fi aṣọ nù ún kí n tó kúrò nílé. Adájọ́ kà á, ó yí i padà, bí ẹni pé ohun tó ń wá lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní èdè òyìnbó, ó yé mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògbufọ̀ ni láti túmọ̀ fún gbogbo ilé, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ó ní, "Adájọ́ ní orúkọ nìkan ló wà nínú ìwé yìí. Ó ní olùpẹ̀jọ́ kò tíì dáyé." Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Kí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìgbẹ̀bí." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n dákẹ́, ó sì wọ́gi lé ẹjọ́ náà.

Nígbà tí mo jáde, Ìfẹ́wùmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní, "Ìyá Ọ̀yọ́, wọ́n ka Ìfẹ́wùmí jáde níbẹ̀. Ta ló sọ orúkọ yẹn fún wọn?" Kò dúró gbọ́ èsì. Èsì wo ni ì bá gbọ́? Nínú gbogbo ẹni tó wà láàyè, èmi àti òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí mo fi oyin sọ, òun ni mo fà lé akọ̀wé lọ́wọ́ kó kọ sí ipò olùjẹ́jọ́.

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Lọ́yà àgbàlagbà kan tó ń dúró de ẹjọ́ tirẹ̀ ló ṣàánú mi. Ó ní, "Màmá, ta ni ń jẹ́ Àjùmọ̀ṣe?" Mo ní ilé-iṣẹ́ wa ni. Ó ní, "Rárá o. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń jẹ́ Àjùmọ̀ṣe. Kò sí ẹni kẹta nínú ilé yẹn." Mo ní tí kò bá sí ẹnì kankan, ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ Àjùmọ̀ṣe sínú ìwé rẹ̀? Ó ní èmi àti Sáádátù ni. Mo ní ta ló ń ta ṣọ́ọ̀kì fún gbogbo ilé-ìwé láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́? Ó ní èmi àti Sáádátù náà ni. Gbogbo ibi tí mo bá sá gbà, ibẹ̀ ni mo ti ń bá èmi àti Sáádátù pàdé. Ó ṣàlàyé fún mi títí wọ́n fi pe ẹjọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti kọ ọ́ sójú pátákó fún yín, bó ṣe yé mi mọ. Bí ẹni méjì bá jọ ń ṣòwò, ó dà bí ẹni méjì tó so etí aṣọ wọn pọ̀. A lè fún kókó aṣọ náà lórúkọ, a lè kọ orúkọ náà sọ́dọ̀ ìjọba, wọn óò fún wa ní ìwé. Ṣùgbọ́n kókó aṣọ ṣì ni. Kò ní orí, kò ní ọwọ́, kò lè pẹjọ́, kò lè ní ilẹ̀. Àwọn méjì náà ló ni gbogbo rẹ̀, bí wàhálà bá sì dé, ẹnu ọ̀nà ilé olúkúlùkù wọn ni yóò gbà wọlé. Bí ọ̀kan bá kú, kókó tú, àfi bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé báyìí báyìí ni kí iṣẹ́ máa bá a lọ. Àwa kò kọ nǹkan kan. Obì la jẹ. Ti Lìmítẹ́ẹ̀dì yàtọ̀. Ìyẹn, ọmọ ni àwọn méjì náà bí. Òfin ló gbẹ̀bí rẹ̀, ìwé mìíràn ni wọ́n ń fún un ní Èkó, ìwé ìbí. Láti ọjọ́ náà, ó ti di ẹni lọ́tọ̀. Ó lè ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ kí wọ́n sì pe òun náà, gbèsè tó bá sì jẹ kì í kan àwọn òbí rẹ̀ ju ìwọ̀n owó tí wọ́n ti fi sínú rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n yẹn ni ìtumọ̀ Lìmítẹ́ẹ̀dì. Bí àwọn òbí bá kú, ọmọ wà. Ìwé tó wà nínú fíríìmù wa, ìwé ìsọmọlórúkọ ni. Kóòtù ń bèèrè ìwé ìbí. Orúkọ la gbà, a kò bí ọmọ. Ṣé ó yé yín? Ó yé èmi náà, títí mo fi dé ibi kan tí kò yé mi mọ́.

Ibi tí kò yé mi nìyí. Lọ́yà náà ní ọjọ́ tí Sáádátù kú ni ilé-iṣẹ́ wa kú. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí mo ń pariwo pé kì í kú, òkú ni mo ń ṣọ́. Ohun tí Alfa Ràímì ní kí á ṣe ní ọjọ́ ogójì, òun gan-an ni òfin ní kí á ṣe: kí á wo ohun tó wà, kí á yọ ti òkú, kí á yọ ti alààyè. Alfa tí kò ka ìwé òyìnbó kan ló mọ̀ ọ́n, tíṣà kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pín in, ṣé kò ti fọ́ nìyẹn? Kí wá ni mo ṣèlérí fún Sáádátù? Àbí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló ń sọ? Àbí àárín èmi àti ọmọ rẹ̀ ló ní kó má fọ́, tí mo fi ọwọ́ ara mi là á sí méjì bí ṣọ́ọ̀kì? Mo ti bá akọpátákó jà lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá, àyè ló ṣẹ́ kù." Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gbẹ́ni ibùdókọ̀ ni, tó sọ òótọ́? Bí mo bá fẹ́ sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi, mo mọ̀ pé ogún kọ́ ni mo ń jà fún. N kò fẹ́ kí wọ́n tún sọ fún mi pé n kò ní ọmọ ni.

A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, báyìí ni wọ́n ń wí. Láti ìgbà náà n kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo lọ yọjú wo ilé-iṣẹ́ láti ojú fèrèsé. Ọ̀rinrin òjò ti wọ inú àwọn àpò ìyẹ̀fun, wọ́n ti dì bí òkúta síbi tí wọ́n wà. Agadagodo méjèèjì ti ń dípẹtà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé yìí dé ní àná, ọjọ́ Ajé. Dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ló mú un wá. Ọwọ́ Ìfẹ́wùmí ni mo rí, èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe ń kọ "g" rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ìyá Ọ̀yọ́, mo ti bí. Obìnrin ni. Ọjọ́bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ. Ẹ mú orúkọ wá. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ náà wá pẹ̀lú." Kò sí ìkíni lókè, kò sí ìkíni nísàlẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ní Alfa Ràímì ní kí òun sọ fún mi pé bí a bá jẹun tán, a óò jókòó: bóyá kí á pín ilé-iṣẹ́ kí ó parí, bóyá kí èmi àti Ìfẹ́wùmí lọ sí Èkó, kí á lọ bí i bó ṣe yẹ kí wọ́n bí i. Mo bi dẹ́rẹ́bà pé báwo ni ojú Ìfẹ́wùmí ṣe rí nígbà tó ń fún un ní ìwé. Ó ní òun kò wo ojú rẹ̀, òun ń wo ọ̀nà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ń bá ọ̀rẹ́ yín ṣòwò, ẹ má rò pé ìfẹ́ tó. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì wà láàyè, tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ bi ara yín pé kókó aṣọ ni tàbí ọmọ. Bó bá jẹ́ kókó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe tú u. Bó bá jẹ́ ọmọ, ẹ rí ìwé ìbí rẹ̀ kí ẹ tó pe ara yín ní òbí. Ẹ má sì jẹ́ kí akọpátákó sọ ọ́ lórúkọ fún yín.

Ṣùgbọ́n tèmi ńkọ́? Ọ̀la ni ọjọ́rú, ọ̀túnla ni wọn óò sọ ọmọ lórúkọ. Obìnrin ni, ìyá ìyá rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yétúndé ti ń dúró dè é nílé kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ìyá ti padà wá. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó bí wọ́n bá gbé e lé mi lọ́wọ́? Oyin ti wà nínú báàgì mi. Kọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀, mo ti fi òróró nu ìpẹtà rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá orúkọ ni Ìfẹ́wùmí ń fẹ́ lọ́wọ́ mi tó fi rántí kọ́kọ́rọ́, tàbí kọ́kọ́rọ́ ló ń fẹ́ tó fi dárúkọ orúkọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, èwo ni kí n kọ́kọ́ nà sí i?